Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀? Ìtàn Ẹ̀tọ́ Àdàkọ àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí Akọ̀ròkọ Mọ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Òwe yìí bá ẹni tí ó ń kọ àròkọ wí gan-an ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ bá jókòó láti kọ àròkọ lórí ìwé Yorùbá kan, àṣìṣe méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan a da odidi ojú-ewé mẹ́ta kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn, wọn a sì fi orúkọ ara wọn sí i. Àwọn mìíràn a bẹ̀rù òfin débi pé wọn kò ní fa gbólóhùn kan ṣoṣo yọ láti inú ìwé tí wọ́n ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Àìmọ ìtàn ni ó fa méjèèjì. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni àṣẹ tí òfin fún òǹkọ̀wé láti pinnu ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àṣẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí yóò mọ ohun tí ó lè mú lò àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ tọrọ.

Kí ìwé tó dé

Ní ayé àtijọ́, orí ni Yorùbá fi ń ṣe àpótí ìwé. Ọmọ awo a jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa kọ́ ẹsẹ Ifá ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ìjálá a tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde eré. Kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n má tún ohun tí wọ́n gbọ́ sọ. Kí wọ́n lè tún un sọ gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìbà wà. Apohùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í la ẹnu kí ó má júbà àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìbà ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní orísun, pé kì í ṣe lẹ́nu ẹni tí ń ké e lónìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn tó nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ẹnu ṣe ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó yí ọ̀rọ̀ padà.

Òfin ọdún 1710

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin tí Nàìjíríà jogún ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1557, ọba ilẹ̀ náà fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìwé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà, oníṣòwò tí ó bá forúkọ ìwé kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní i. Òǹkọ̀wé a ta iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì parí síbẹ̀, bí ìwé náà tilẹ̀ tà bí ìgbín.

Òfin tí ó jáde ní ọdún 1710, ní àkókò Ọbabìnrin Anne, ni ó kọ́kọ́ dárúkọ òǹkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́. Ó fún ìwé tuntun ní ọdún 14. Bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láàyè nígbà tí ìyẹn pé, a ó fi 14 mìíràn kún un. Ìdí tí àwọn aṣòfin fi sílẹ̀ ni pé kí ìmọ̀ lè gbèrú.

Inú àwọn oníṣòwò ìwé kò dùn sí òdiwọ̀n yìí. Wọ́n ní títí ayé ni ẹ̀tọ́ tí àwọn rà. Alexander Donaldson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ń tẹ àwọn ìwé tí ọdún wọn ti pé, ó sì ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún 1774, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a láre: ẹ̀tọ́ lórí ìwé tí a ti tẹ̀ jáde kì í ṣe ti ayérayé. Láti ìgbà náà ni ohun méjì ti ń rìn pọ̀: òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, ìwé náà yóò sì di ti gbogbo ayé ní ọjọ́ kan.

Bí òfin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1911 ni wọ́n nà dé Nàìjíríà ní ọdún 1912. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1970, ó tún un ṣe ní ọdún 1988, ó sì wọ inú àdéhùn àgbáyé ti ìlú Bern ní ọdún 1993. Èyí tí a ń lò báyìí ni òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ lórí ìwé ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Kò dìgbà tí ó bá forúkọ ìwé sílẹ̀ níbì kan kí ẹ̀tọ́ náà tó jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, pé kò sí àmì tàbí ìkìlọ̀ lára iṣẹ́ kan kò sọ pé kò ní olówó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú kan ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó kó àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ. Òun náà kú ní ọdún 1920. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ọdún àwọn méjèèjì ti pé tipẹ́. Ẹnikẹ́ni lè tún ìwé náà tẹ̀ lónìí láìtọrọ àṣẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ irú ìyà yìí, tí yóò sì da iṣẹ́ wọn kọ láìdárúkọ wọn? Ọdún ẹ̀tọ́ lè pé. Ìbà kì í pé ọdún.

Ti D. O. Fágúnwà yàtọ̀. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Fágúnwà kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963, nítorí náà ìparí ọdún 2033 ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé náà yóò pé ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá da odidi orí kan kọ fún gbogbo ayé láìgbàṣẹ lónìí ti ré òfin kọjá, ìbáà dárúkọ òǹkọ̀wé. Títúmọ̀ ìwé náà sí èdè mìíràn kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ, nítorí òǹkọ̀wé ni ó ni àṣẹ ìtumọ̀ pẹ̀lú. Ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní ọdún 1968 tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún akọ̀ròkọ

Òfin kò fi èrò tàbí ìmọ̀ sí àhámọ́. Bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Pé ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 kì í ṣe ohun ìní òpìtàn kankan. Ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí ètò àti gbólóhùn sì wà bí onítọ̀hún ṣe kọ wọ́n, àdàkọ ni.

Òfin tún gba lámèyítọ́ láàyè láti fa ọ̀rọ̀ yọ, bí ó bá dárúkọ ìwé àti òǹkọ̀wé, tí kò sì mú ju ohun tí àlàyé rẹ̀ nílò lọ. Ilé ẹjọ́ yóò wo ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí ohun tí a mú ti pọ̀ tó, àti bóyá yóò ba ọjà òǹkọ̀wé jẹ́. Ìlà mẹ́rin tí a tú palẹ̀ kò lè gba ipò ìwé; odidi orí tí a kàn gbé kalẹ̀ lè gbà á. Bákan náà ni ti àwòrán: ẹni tí ó yà á ni a ó tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Àlọ́, oríkì àti orin ìbílẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún 1988 ni òfin Nàìjíríà ti ń dáàbò bo ìwọ̀nyí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá tẹ̀ wọ́n jáde gbọ́dọ̀ sọ àwùjọ tàbí ìlú tí ó ti gbọ́ wọn. Òfin ìwé padà wá bá ìbà pàdé níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé Yorùbá kì í tà bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà tí a bá ṣe láìgbàṣẹ ń yọ lára ìwọ̀nba tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé rí, bẹ́ẹ̀ ni òǹtẹ̀wé tí kò rí èrè ìwé kan kì í fẹ́ tẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò gbọdọ̀ pa lámèyítọ́ lẹ́nu mọ́, nítorí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yóò kú. Kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó fi àròkọ sílẹ̀: Ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ọdún rẹ̀ ti pé? Ṣé ohun tí mo nílò nìkan ni mo mú, tí mo sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń wọ ẹ̀wù ara rẹ̀.