Ọkọ̀ Z-600 àti Ìwé Tí Wọ́n Jí Gbé Lọ

Ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ẹ bá béèrè ibi tí orúkọ Ìgbómìnà ti wá, irin ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Ìtàn sọ pé Odùduwà fún Fágbàmílà Ajagunńlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ní ogbó nígbà tó ń kúrò ní Ifẹ̀. Ogbó yìí, àdá ni, òun ló sì la ọ̀nà fún un dé ibi tó tẹ̀dó sí. Ogbó mọ̀nà, ni wọ́n bá ń pè wá ní Ìgbómìnà. A fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé alágbẹ̀dẹ wà nínú rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin mìíràn la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, Owerri ni wọ́n ti rọ ọ́.

Ní 1997, Dókítà Ezekiel Izuogu, olùkọ́ ní Poli Nekede ní ìpínlẹ̀ Imo, gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan jáde. Izuogu Z-600 ló pè é. Ẹ má wulẹ̀ ronú Ferrari o! Ọkọ̀ kékeré ni, ẹ́ńjìnì lítà 1.8, sílíńdà mẹ́rin, eré rẹ̀ kò sì ju 140 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Máìlì 18 ló ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù epo kan, ká sòótọ́, ìyẹn ò dáa tó. Àmọ́ wọ́n ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yà ara rẹ̀ ló jẹ́ pé Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ṣe é, ẹ́ńjìnì náà wà lára rẹ̀. 2,000 dọ́là péré ni wọ́n fẹ́ máa tà á.

Kí ẹ tó mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó, ẹ rántí pé láti 1975 ni Volkswagen ti ń to ìjàpá jọ ní Ọjọ́, l'Ékòó, tí Peugeot náà ń to tiẹ̀ ní Kàdúná. Wọ́n ń tò ó jọ ni, àwọn ẹ̀yà tó ṣe kókó ń ti òkè òkun wá nínú àpótí. Ní Òṣogbo tiwa níbí, ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ irin, wọ́n sì dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní 1980 kó máa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ. Àjàòkúta ní tiẹ̀ ò parí títí dòní. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn yẹn.

Ohun kan wà nínú Z-600 tó wù wá gan-an. Taya iwájú ló ń fa ọkọ̀ náà. Tí ẹ́ńjìnì bá wà níwájú tí ẹ sì fẹ́ kí taya ẹ̀yìn ṣiṣẹ́, ẹ ní láti na ọ̀pá irin gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà sókè ní gbọọrọ kí ọ̀pá ọ̀hún lè ráyè. Owó ńlá nìyẹn fún ilé iṣẹ́ kékeré. Izuogu yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àwa tí à ń fi kóòdù jẹun mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí o ò bá ṣe rárá kò lè bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìjọba Abacha yan ìgbìmọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ 12 láti yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n sì ní ó lè rìn lójú títì, ó kù díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n máa tún ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Ọ̀gágun Ọládìípọ̀ Díyà, ọmọ Odògbolú, ló ṣojú ìjọba. Wọ́n ṣèlérí 235 mílíọ̀nù náírà. Owó ò jáde. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti mú Díyà fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ gbàjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 1998, Abacha ti kú. Ta lèèyàn á wá mú ìwé ìlérí lọ bá?

Ní 2005, South Africa pe Izuogu kó wá ṣàlàyé ọkọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 11 oṣù kẹta 2006, àwọn adigunjalè ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Naze. Ibi tó ká wa lára jù nìyí. Móòdù ni wọ́n kó, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí kó lè gba ìrísí, bíi ti búlọ́ọ̀kù ilé. Móòdù ara ẹ́ńjìnì àti ti kírańkì wà níbẹ̀. Wọ́n tún kó ìwé tó kọ ìtàn bó ṣe ṣe Z-600 sí, pẹ̀lú fáìlì ètò tí wọ́n fi fẹ́ máa ṣe é lọ́pọ̀. Lójú tiwa, kóòdù gan-an ni wọ́n jí yẹn. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, èèyàn lè tún un rọ, tí móòdù àti ìwé bá wà.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ McLaren ní England ṣe ọkọ̀ F1 láàárín 1992 sí 1998. 106 péré ni gbogbo rẹ̀. Gordon Murray, tí wọ́n bí ní Durban ní South Africa, ló ya á, ó sì sá 386 kìlómítà ní wákàtí kan ní 1998. Ní 2016, ìròyìn gbé e pé kọ̀ǹpútà alágbèéká Compaq ti ìgbà láéláé ni wọ́n ṣì fi ń tún ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣe, torí káàdì pàtàkì kan tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ló rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnì kan tọ́jú kọ̀ǹpútà yẹn fún ogún ọdún ó lé.

Izuogu kú ní 2020. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ílé-Ifẹ̀, mú ìjàpá àtijọ́ kan, ó gbé sólà sórí rẹ̀, ó fi fáànù tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná sínú rẹ̀, ó sì ń wà á kiri. Òun àti Ìlá, ìpínlẹ̀ kan náà ni. Fọ́tò ọkọ̀ yẹn kún íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán bó ṣe so wáyà rẹ̀ pọ̀ là ń wá báyìí. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì.