Ìwé ìdánimọ̀ fún ìrìn-àjò òfurufú abẹ́lé ní Amẹ́ríkà

Ìwé ìdánimọ̀ fún ìrìn-àjò òfurufú abẹ́lé ní Amẹ́ríkà ni káàdì tàbí ìwé tí èrò gbọ́dọ̀ fi hàn ní ibùdó àyẹ̀wò pápákọ̀ òfurufú kí ó tó lè wọ bàálù tí ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn nínú orílẹ̀-èdè náà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní TSA ni ó ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìwé ìwakọ̀ tí kò bá òfin REAL ID mu kò tó mọ́.

Ìtàn

Amẹ́ríkà kò ní káàdì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ará ìlú; ìwé ìwakọ̀ tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fúnni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìgbìmọ̀ tí ó wádìí rẹ̀ dámọ̀ràn ní ọdún 2004 pé kí ìjọba àpapọ̀ fi ìlànà lélẹ̀ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lu òfin REAL ID ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2005.

Ọdún 2008 ni ó yẹ kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan takò ó nítorí ìnáwó rẹ̀ àti nítorí ìbẹ̀rù pé àṣírí ará ìlú lè tú. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Maine ni ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ní oṣù Kìíní ọdún 2007. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà; àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà náà sì tún dá a dúró ní ọdún 2020.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń gbà

Lára wọn ni:
- ìwé ìwakọ̀ tàbí káàdì ìpínlẹ̀ tí ó bá REAL ID mu, tí ó sábà máa ń ní àmì ìràwọ̀ lókè;
- ìwé ìrìnnà ti Amẹ́ríkà;
- ìwé ìrìnnà ti orílẹ̀-èdè mìíràn;
- káàdì ìgbélùú títí láé;
- káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ogun.

Nítorí náà, àlejò láti Nàìjíríà lè fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ wọ bàálù abẹ́lé, ṣùgbọ́n ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà kò sí nínú àkójọ náà. TSA kì í béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nínú ìrìn-àjò abẹ́lé.

Bí a ṣe ń gba REAL ID

Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ḿbà Social Security, àdírẹ́sì àti ẹ̀tọ́ láti gbé ní orílẹ̀-èdè náà hàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti inú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó, ní láti mú ìwé tí ó so orúkọ méjèèjì pọ̀ wá.

Àríyànjiyàn

John Gilmore pe ìjọba lẹ́jọ́ pé bíbéèrè ìwé ìdánimọ̀ ń tẹ ẹ̀tọ́ ìrìn-àjò òun lójú. Ní ọdún 2006, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a lẹ́bi: ẹ̀tọ́ láti rìnrìn-àjò kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti fi ọkọ̀ kan pàtó rìn ín. Síbẹ̀, TSA lè fi ọ̀nà mìíràn wádìí ẹni tí kò mú ìwé lọ́wọ́. Bí wọn kò bá lè fìdí ẹni tí ó jẹ́ múlẹ̀, kò ní kọjá.