Owó Orí Ọdún 1923, Mẹ́gà Ọdún 2018

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan bi mí ní ìbéèrè kan. A ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ará ìlú lè ṣe bí wọn ò bá mọ ibi tí owó ìlú gbà lọ. Ọmọ náà ní, “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí kò tíì sí fọ́ọ̀nù, báwo ni àwọn baba wa ṣe ń bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀?” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò ní ìdáhùn tó yè kooro lẹ́nu. Ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ èmi náà, àwọn ọba Faransé ló kún inú rẹ̀. Ìtàn tiwa, mo ti di olùkọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìdáhùn náà síbí, kí àwọn òbí náà lè bá wa kà á.

Ní Kétu, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi dáhùn. Nígbà tí àwọn Faransé fìdí múlẹ̀ tán, owó orí dé, iṣẹ́ ipá dé, òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat náà dé. Òfin yìí ló jẹ́ kí ọ̀gá òyìnbó kan ṣoṣo lè ju bàbá arúgbó sí àtìmọ́lé láì gbé e dé iwájú adájọ́. Nígbà tí ogun 1914 bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n gbé ohun ìjà, wọ́n sì rí ìyà rẹ̀. Àwọn mìíràn di ẹrù wọn lóru, wọ́n rékọjá sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, sí Ìmẹ̀kọ àti àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, tó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi hàn pé irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìṣọ̀tẹ̀ ni, kì í ṣe ojo. Bí agbowó-orí bá dé tó bá ahéré òfìfo, ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí ìjọba nìyẹn. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí ìyá bàbá mi sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ló gbé àwọn òbí rẹ̀ débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó sá lọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà ni. Kò lè padà wá bèèrè ohun tí wọ́n fi owó tó ti san tẹ́lẹ̀ ṣe. Àwọn tó kọ́kọ́ bèèrè èyí ní gbangba, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, Àjàṣẹ́ ni a ti rí wọn.

Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, olùkọ́ bíi tèmi ni. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Senegal, ní 1907. Ó padà wá ń kọ́ ọmọ ní Ouidah, àmọ́ òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò rẹ́. Ní 1910 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá ọ̀nà lọ sí Dakar, ó sì bá Blaise Diagne ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí wọ́n dìbò yàn ní 1914 láti lọ ṣojú Senegal ní ilé aṣòfin Paris. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tó fi ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà: pé gómìnà tí kò bẹ̀rù ará ìlú a máa bẹ̀rù Paris, àti pé ìwé ìròyìn kékeré lè mú ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn.

Nígbà tó padà sílé, ọwọ́ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Émile Zinsou Bodé, fi kọ ìwé ìròyìn tiwọn ní 1915. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́. Wọ́n pè é ní Le Récadère de Béhanzin, ìyẹn ìránṣẹ́ tó gbé ọ̀pá àṣẹ ọba Béhanzin dání. Ẹ fojú inú wo ẹni tó jókòó sídìí àtùpà, tó ń da ọ̀rọ̀ kan náà kọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹni tó kà á tán lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, ọmọ kan ní, “WhatsApp nìyẹn!” Mi ò já a nírọ́.

Gómìnà ìgbà náà, Charles Noufflard, ni wọ́n dojú kọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn ò kàn bú u. Wọ́n kó ẹ̀sùn jọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Hunkanrin dá ẹ̀ka Ligue des droits de l'homme sílẹ̀ ní Dàhòmì, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ní 1917 Noufflard kúrò lórí àga, Gaston Fourn sì gun orí rẹ̀. Àwọn kan jó. Kò yẹ kí wọ́n tíì jó, nítorí Fourn yìí ló wá gbé owó orí sókè.

Ọdún 1923 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ogun ti parí, ọjà ò lọ dáadáa, ìjọba wá ní kí ará Àjàṣẹ́ máa san owó orí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Ní oṣù Kejì àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpàdé, wọ́n ní àwọn ò ní san. Àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà dé Kútọnu. Ìjọba kó sójà wá láti ibòmíràn, wọ́n fi òfin pàjáwìrì de ìlú, wọ́n ń gba owó orí náà lábúlé pẹ̀lú ìbọn léjìká. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n pè ní olórí ìjà náà. Hunkanrin ni Fourn di ẹ̀bi rù jùlọ, wọ́n sì gbé e lọ sí Mauritania, sínú aṣálẹ̀, fún ọdún 10.

Ẹ mọ ohun tó ṣe níbẹ̀? Ó rí i pé wọ́n ṣì ń mú ènìyàn lẹ́rú ní Mauritania lábẹ́ àsíá Faransé kan náà tó ní òun ti fòpin sí oko ẹrú. Ó tún mú kálàmù. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1931, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nígbèkùn.

Mi ò fẹ́ ká sọ àwọn ènìyàn yìí di áńgẹ́lì o. Ní Àjàṣẹ́ nígbà náà, ìjà wà lórí oyè ọba. Àwọn Mùsùlùmí wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá àti ọmọ àwọn tó ti Brazil padà dé, ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ìmáàmù. Ignacio Paraïso, ọmọ Yorùbá, ọmọ ẹni tó ti Brazil padà, wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba gómìnà nímọ̀ràn, àwọn Faransé sì gbára lé e. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí owó orí dé, ìjà ilé wọ inú ìjà ìlú. Àwọn kan dìde nítorí àpò wọn gbẹ, àwọn kan dìde nítorí Paraïso. Èyí sì dùn mọ́ ìjọba nínú, nítorí ó lè sọ fún Paris pé kò sí ẹni tí owó orí ń pa, àwọn oníjàgídíjàgan díẹ̀ ni wọ́n ń tan ará ìlú jẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i tí ọ̀rọ̀ kànga tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀nà di ọ̀rọ̀ ìdílé lágbájá àti ìdílé tàmẹ̀dù láàárín wa, Àjàṣẹ́ ọdún 1923 ni mo máa ń rántí.

Wọn ò rí ẹnu àwọn ènìyàn pa. Ní 1927 ìwé ìròyìn La Voix du Dahomey bẹ̀rẹ̀. Àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò ló ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì fi orúkọ ara wọn sí i, nítorí ọ́fíìsì ìjọba gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìjọba gbé ìwé ìròyìn náà lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1934, ó sì di 1936 kó tó parí. Gbogbo ariwo náà bí ìtanràn owó kékeré. Àwọn adájọ́ ò rí ìdìtẹ̀ ńlá tí gómìnà ní ó wà níbẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni pé èdè Faransé ni gbogbo rẹ̀. Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Àjàṣẹ́, tí wọ́n torí owó orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjà náà, kò lè kà á. Bóyá ọmọ rẹ̀ kà á fún un, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́.

N óò fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi rántí 1989. Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà. Ìjọba Kérékou kò rí owó oṣù san, àwọn olùkọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọdún ilé-ìwé yẹn ṣòfò, a pè é ní année blanche. Àwa ọmọdé ń yọ̀ pé a ráyè ṣeré; àwọn olùkọ́ wa ń jẹ gbèsè. Ní oṣù Kejì 1990 wọ́n ṣe ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ló jókòó sórí àga, láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28. Rédíò ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sáfẹ́fẹ́. Mo rántí àwọn bàbá tí wọ́n jókòó yí rédíò kan ká lábẹ́ igi máńgòrò, ẹni tó gbọ́ Faransé ń túmọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. Òfin-ìpìlẹ̀ tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àyè láti kọ̀wé tààrà sí Cour constitutionnelle bó bá rí òfin tó lòdì sí i. Kò nílò agbẹjọ́rò. Ẹ̀tọ́ yìí wà, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì lò ó rí.

Ó wá ku ọdún 2018. Ní oṣù Keje ọdún náà ìjọba ṣe àṣẹ kan: ẹni tó bá lo Facebook, WhatsApp, Twitter àti irú wọn yóò san 5 fráńkì lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Ó tó oṣù méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì gbọ́ nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́, torí pé a kì í ka ìwé àṣẹ ìjọba. Nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tó láti fi mọ̀ ọ́n: 100 mẹ́gà, 500 fráńkì; 1,000 mẹ́gà, 5,000 fráńkì. Owó orí nìkan nìyẹn, a ò tíì ka owó mẹ́gà fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ gbólóhùn kan di ti gbogbo ìlú: #TaxePasMesMo, ẹ má gbowó orí lórí mẹ́gà mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba fagi lé owó náà.

Kí ló dé tí ti 1923 fi parí sí aṣálẹ̀, tí ti 2018 sì parí láàárín ọjọ́ mélòó kan? Àkókò yàtọ̀, òótọ́ ni. A ń dìbò báyìí, gómìnà Fourn kò sì wá ìbò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn wà níbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè ní 2018, iye rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò ráyè ti ìjà ìmáàmù tàbí ìjà oyè bọ inú 5 fráńkì.

Kì í ṣe pé ewu ti tán. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni òfin code du numérique jáde, òfin lórí ohun tí a bá kọ sórí ẹ̀rọ. Ní oṣù Kejìlá 2019 wọ́n fi òfin yìí dá akọ̀ròyìn Ignace Sossou lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù 18 nítorí ohun tó kọ sórí Twitter nípa ọ̀rọ̀ tí procureur sọ níbi ìpàdé kan. Procureur ní ó yí ọ̀rọ̀ òun padà. Akọ̀ròyìn ní bí òun ṣe gbọ́ ọ lòun ṣe kọ ọ́. Nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù, ó jáde ní oṣù Kẹfà 2020. Láti ìgbà náà, ẹlẹgbẹ́ mi kan tó máa ń ya fọ́tò ọ̀nà tó bàjẹ́ sórí Facebook ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mi ò bá a wí. Ó ní ọmọ mẹ́rin.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ tó bi mí nìyí: kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ wa. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúnù, gbangba ló yẹ kí ó wà, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo mú ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn, a lọ sí mẹ́rì tiwa pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bi wá pé ta ló rán wa. Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Ó wò wá títí, ó ní kí a jókòó, ó sì gbé ìwé kan jáde. Àwọn ọmọ da ìlà mẹ́ta kọ: kànga kan, òrùlé kíláàsì méjì, àtúnṣe ọ̀nà kan, àti iye owó wọn. Òrùlé kíláàsì náà wà ní abúlé tí kò jìnnà sí ilé-ìwé wa. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ a óò fi kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Bí a bá dé, n óò kọ ohun tí a rí síbí.