Ketoconazole: oníhóró rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìpara rẹ̀

Ketoconazole jẹ́ oògùn tó ń pa àwọn olú kéékèèké tí ojú kò lè rí, irú èyí tó ń fa làpálàpá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ máa ń rí i: oníhóró tí à ń gbé mì, ìyẹn comprimé, ìpara, àti ọṣẹ ìfọrí olómi. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ewu wọn kò dọ́gba.

Oníhóró lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kódà lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáká tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Faransé fi dá títà rẹ̀ dúró ní 2011. Ní oṣù keje 2013, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà kò fòfin dè é, àmọ́ wọ́n ní kí dókítà má fi ṣe oògùn àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì lò ó fún àrùn awọ ara tàbí ti èékánná mọ́.

Ìpara àti ọṣẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí díẹ̀ báyìí ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá na hóró ketoconazole sí yín lórí àtẹ ọjà, ẹ má gbà á. Bó bá jẹ́ làpálàpá orí ọmọ ni, ìpara nìkan kì í tó; dókítà ní oògùn mímu mìíràn tó máa kọ fún un. Ẹni tó bá sì ti ń gbé hóró yìí mì, tí funfun ojú rẹ̀ wá pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kó dá a dúró, kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn.