Martín Dihigo, ajubọ́ọ̀lù Matanzas

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ṣẹrú nínú oko ìrèké, béísíbọ́ọ̀lù ni eré ìlú: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì á figi gbá a.

Ọ̀pọ̀ Nàgó ni wọ́n kó lọ sí Matanzas. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn Arará, tí orúkọ wọn ti Aladà wá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí àwa àti Fọn ṣe jọ wà níbí. Oko ẹrú parí ní Kúbà ní 1886. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Martín Dihigo ní Matanzas. Mi ò sọ pé Nàgó ni baba ńlá rẹ̀ o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni mò ń tọ́ka sí.

Ní 1923 ó sọdá sí Amẹ́ríkà. Líìgì ńlá ibẹ̀ ò gba aláwọ̀ dúdú, ló bá wọ líìgì àwọn dúdú. Kò sí ipò tí kò lè dúró sí lórí pápá. Ní Mẹ́síkò, lọ́dún 1938, ó ju bọ́ọ̀lù borí nígbà 18, ó pàdánù nígbà 2 péré. Òun náà ló tún ṣe ipò kìíní láàárín àwọn tó ń figi gbá a. Ẹ wò ó bí ẹni pé aṣọ́lé ẹgbẹ́ kan ló gbá góòlù wọlé jù lọ! Johnny Mize, òyìnbó tó lókìkí nínú líìgì ńlá, bá a ṣeré nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ó ní àwọn alátakò a máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Dihigo kọjá, kí wọ́n lè kojú òun Mize.

Nígbà tí líìgì ńlá gba Jackie Robinson ní 1947, Dihigo ti pé ogójì ọdún. Ilẹ̀ ti ṣú.

Ó fẹ̀yìn tì, ó ń sọ̀rọ̀ eré lórí rédíò. Batista fipá gbàjọba ní 1952, Dihigo kó lọ sí Mẹ́síkò. Ẹ̀yìn ìṣẹ́gun Castro ló padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó kú sí Cruces ní 1971. Ọdún 1977 ni wọ́n tó gbé e wọ ilé ìrántí àwọn akọni eré náà ní Cooperstown, ní Amẹ́ríkà tí kò jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú líìgì ńlá rẹ̀.