Constantia: Ọgbà Àjàrà àti Àwọn Ọwọ́ Tó Gbìn Ín

Ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè tí Constantia wà, ní Gúúsù Áfíríkà, kò ṣófo kí àwọn òyìnbó tó dé. Àwọn Khoikhoi ni wọ́n ń da màlúù àti àgùntàn wọn káàkiri agbègbè tí à ń pè ní Cape Town lónìí. Bí koríko ibì kan bá ti tán, wọn a ṣí lọ sí ibòmíràn. Oṣù Kẹrin ọdún 1652 ni Jan van Riebeeck gúnlẹ̀ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ òwò Hólándì tí ń ná ọjà Éṣíà ló sì rán an. Kí ó dá oko ẹ̀fọ́ ni wọ́n ní kí ó ṣe, kí àwọn atukọ̀ tó ń lọ sí Íńdíà àti Indonéṣíà lè rí oúnjẹ tútù jẹ lójú ọ̀nà. Oko ẹ̀fọ́ náà kò pẹ́ di ìlú. Lọ́dún 1655 wọ́n gbin àjàrà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1659, Riebeeck kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé wọ́n ti fún wáìnì fún ìgbà àkọ́kọ́ lára àjàrà ibẹ̀, ó sì fi ìyìn fún Ọlọ́run.

Ohun méjì wà tí ó yẹ kí a sọ pọ̀ mọ́ ìyìn yẹn. Lọ́dún 1659 kan náà ni àwọn Khoikhoi gbógun dìde nítorí ilẹ̀ ìjẹko wọn tí wọ́n ń gbà. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ Hasselt ti já àwọn ẹrú sí èbúté náà, àwọn tí wọ́n rà ní etíkun Pópó, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní, nítòsí wa níbí. Nígbà tí wáìnì àkọ́kọ́ ń kán sínú àgbá, àwọn èèyàn etíkun wa ti wà ní Cape, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí kò lówó oṣù. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń yin wáìnì Gúúsù Áfíríkà kì í dúró níbẹ̀ rárá. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1679 ni Simon van der Stel dé gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú. Òun ló dá Stellenbosch sílẹ̀ lọ́dún yẹn, orúkọ tirẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin Íńdíà tí ó ti ṣe ẹrú rí. Lóṣù Keje ọdún 1685, wọ́n fún un ní ilẹ̀ tó tó 760 hẹ́kítà ní apá ìlà-oòrùn òkè tó so mọ́ Table Mountain, ó sì pe ibẹ̀ ní Constantia. Kò ṣèèṣì yan ibẹ̀. Òkúta tó ti jẹrà di yẹ̀pẹ̀ ni ilẹ̀ náà, omi kì í dá dúró nínú rẹ̀. Òkè ń ṣíji bò ó bí ọ̀sán bá ti ń yẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ wá láti inú òkun False Bay, tí oòrùn kì í fi í sun èso. Àjàrà tó bá pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ooru a máa dùn lásán ni. Èyí tó bá rọra pọ́n ló ń ní òórùn, tó tún ń pa díẹ̀ nínú kíkan rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí van der Stel kú lọ́dún 1712, wọ́n pín ilẹ̀ náà, wọ́n sì tà á. Ìpín tí ilé ńlá wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Groot Constantia títí dòní. Lọ́dún 1716 ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ará Sweden kan tó ń jẹ́ Olof Bergh, ìyàwó rẹ̀ sì ni Anna de Koningh.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí obìnrin yìí. Angela ará Bengal ni ìyá rẹ̀. Ẹrú ni Angela àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọn dé Cape. Ilé Riebeeck fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti sìn kí wọ́n tó tà wọ́n fún ẹlòmíràn, ọdún 1666 ni wọ́n sì tó gba òmìnira. Anna dàgbà, ó fẹ́ Bergh lọ́dún 1678, wọ́n bímọ púpọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ló jogún Constantia. Ọmọ tí wọ́n ti tà rí di ìyálóde oko tó lókìkí jù ní gbogbo àgbègbè náà! Inú mi ì bá dùn kí n fi ìdùnnú parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ẹrú. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ èèyàn wà láàárín aṣọ, ohun ọ̀ṣọ́ àti àga.

Hendrik Cloete ló ra Groot Constantia lọ́dún 1778, nígbà tí oko ti fẹ́ẹ̀ di igbó. Ó tún un gbìn, ó tún ilé kọ́, ọdún 1791 ni wọ́n sì parí ilé ọtí tuntun tí Anton Anreith gbẹ́ ère sí lórí. Ọtí dídùn ni Cloete fi di olókìkí. Wọ́n á fi àjàrà sílẹ̀ lórí igi lẹ́yìn tó ti pọ́n, títí yóò fi súnkì, tí omi inú rẹ̀ á gbẹ, tí ṣúgà rẹ̀ á ki. Ìwọ̀nba ni ohun tí irú èso bẹ́ẹ̀ lè mú jáde, ìdí nìyẹn tí ó fi wọ́n. Àwọn ọba Yúróòpù ń rà á. Wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Napoleon ní erékùṣù St Helena tí wọ́n lé e lọ. Jane Austen, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1811, Sense and Sensibility, mú kí ìyá àgbà kan gbé e fún ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, bí ẹni gbé àgbo fún aláìsàn. Àwọn ẹrú láti Madagásíkà, Mòsáḿbíìkì, Íńdíà àti Indonéṣíà ló ń ká èso náà, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tó ń yí àgbá. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1834 ni òfin ní wọ́n di òmìnira, síbẹ̀ wọ́n tún fi dandan sin olówó wọn títí di ọdún 1838.

Ìṣubú oko náà kò gùn láti sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Gẹ̀ẹ́sì dín owó ibodè tó wà lórí wáìnì Faransé kù, ọjà Cape sì wó. Àrùn mú ewé àjàrà, kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò tún dé lọ́dún 1886. Ọdún kan ṣáájú kòkòrò yẹn ni ìjọba ti ra Groot Constantia. Iná jó ilé ńlá náà lóṣù Kejìlá ọdún 1925, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ọdún 1993 ni ìgbìmọ̀ alámòójútó ti ń darí oko náà. Ọtí dídùn ní tirẹ̀ ti pòórá fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tún gbin àjàrà rẹ̀ ní Klein Constantia, oko tó wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ara ìkórè ọdún 1986. Groot Constantia náà padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí òtútù ń mú ní Yúróòpù ni ìkórè máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Constantia, láti ìparí oṣù Kìn-ín-ní títí wọ oṣù Kẹrin. Ìdájí ni wọ́n ń wọ oko, kí oòrùn tó mú èso gbóná. Àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, apẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ igi, wọn a máa gé ṣíírí kọ̀ọ̀kan, wọn a sì ju èyí tó bá ti rà nù. Sauvignon Blanc ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ ká, àjàrà dúdú a tẹ̀ lé e, àjàrà ọtí dídùn a sì gbẹ́yìn. Àwọn ìnàkí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yà tó dùn jù ni wọ́n sì máa ń mọ̀.

Ní ìfúntí, funfun ni wọ́n ń fún kíákíá kí èèpo má baà bá omi rẹ̀ gbé. Ti pupa, pẹ̀lú èèpo ni wọ́n ń kó o sínú ìkòkò ńlá, nítorí èèpo ló ní àwọ̀ àti ìkorò tó ń há ahọ́n. Ìwúkàrà a wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń hó. Ẹni tó ti wo ẹmu tó ń ru láàárọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ, àfi pé ẹmu yóò kan kó tó di ọjọ́ kejì, nígbà tí wáìnì ń lo oṣù àti ọdún nínú àgbá igi óákù.

Ọtí yìí ti ṣe ọṣẹ́ púpọ̀ fún àwọn tó ń ká a. Fún ìran púpọ̀, àwọn olóko Cape ń fi wáìnì san apá kan owó iṣẹ́: ife kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí òfin ti dá a lẹ́kun, àwọn oko kan kò jáwọ́ nínú rẹ̀ títí wọ àwọn ọdún 1990. Ẹkùn yẹn wà lára ibi tí iye ọmọ tí ọtí ti ba ọpọlọ àti ara wọn jẹ́ látinú oyún ti pọ̀ jù lọ láyé. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ wáìnì Cape wò, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ìtọ́wò fúnra rẹ̀ rọrùn. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú ife, wọ́n á yí i, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á mu ún díẹ̀díẹ̀. Ní Groot Constantia wọ́n ń gbé ṣokoléètì sí ẹ̀gbẹ́ wáìnì márùn-ún, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ìlànà: ohun tó lọ́ràá ń fẹ́ ọtí tó kan díẹ̀, ẹran sísun ń fẹ́ pupa tó ń há ahọ́n, bí oúnjẹ bá sì dùn, ọtí gbọ́dọ̀ dùn jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dà bí omi kíkan lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí èmi kà sí ẹnì kejì ọtí yẹn gan-an ni ti àwọn Malay Cape, ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Éṣíà. Wọ́n ń lọ ẹran, wọ́n ń fi kọ́rì àti àjàrà gbígbẹ sè é, wọ́n á da ẹyin àti mílíìkì lé e lórí, wọ́n á yan án nínú ààrò: bobotie nìyẹn. Wọ́n tún ń fi ẹja díndín rẹ sínú ọtí kíkan, àlùbọ́sà àti kọ́rì, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Cape ń jẹ nígbà Àjíǹde. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fi ẹnu kan ọtí, àwọn baba ńlá wọn sì wà lára àwọn tó gbin ọgbà náà. Lónìí, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Groot Constantia, ìpàtẹ kan wà nípa àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀ kí ẹ tó lọ sídìí ife.