Ọgbà Ìdáàbòbò Igbó àti Ẹranko ti Lẹ́kí

Ọgbà yìí wà lẹ́bàá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní Èkó, láàárín ọ̀sà àti òkun. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990, lórí hẹ́kítà 78 tó jẹ́ àbàtà àti pápá. Ọ̀nì ń gbé inú omi rẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í sá féèyàn, wọn a máa já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò. Afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015 gùn tó mítà 401. Ó tóóró, ó sì ń mì bí èèyàn ṣe ń gbẹ́sẹ̀, tí ewé igi ń bẹ nísàlẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni. Ilé ti yí igbó náà ká báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀.